Ta Ló Lè Dá Ọjọ́ fún Ìmìtìtì Ilẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ohùn kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ilẹ̀ máa mì l'Abẹ́òkúta lóru Sátidé, pé Olúmọ fẹ́ bú gbàmù. Wíńdò wa sì máa ń gbọ̀n lọ́sàn-án, ògiri ti là. Ṣé ká lọ sùn níta ni?

Ìdáhùn: Ẹ sùn sínú ilé yín. Olúmọ kì í ṣe òkè ayọnáyèéfín. Gíránáìtì ni, àpáta tó ti tutù tó sì ti dì nísàlẹ̀ ilẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn ló ń bí mi nínú. Kò sí onímọ̀ kankan láyé tó lè dá ọjọ́ fún ìmìtìtì ilẹ̀. Ní Parkfield, ní California, ilẹ̀ mì ní 1857, 1881, 1901, 1922, 1934 àti 1966. Àwọn onímọ̀ ṣírò ó pé òmíràn á dé kí 1993 tó parí, wọ́n to ẹ̀rọ yí gbogbo ibẹ̀ ká. 2004 ló tó dé, kò sì sí àmì gidi kankan tí àwọn ẹ̀rọ náà rí ṣáájú. Ẹ̀rọ wo wá ni ẹni tó gba ohùn yẹn sílẹ̀ lò?

Ohun tó ń da àwọn èèyàn lójú rú ni pé òkè ayọnáyèéfín máa ń ṣe àpẹẹrẹ: ilẹ̀ ibẹ̀ á máa mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ara òkè á wú, gáàsì á pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tètè kó èèyàn kúrò nítòsí Pinatubo, ní Philippines, ní 1991. Ìkìlọ̀ ìmìtìtì tó máa ń dún lórí fóònù ní Japan ńkọ́? Ilẹ̀ á ti mì kó tó dún. Ìgbì méjì pàtàkì ni ìmìtìtì máa ń rán jáde nínú ilẹ̀. Àkọ́kọ́ ń sáré tó kìlómítà 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èkejì, tó ń wó ilé, kò ju bí 3.5 lọ. Ẹ̀rọ á gbọ́ ti àkọ́kọ́, á sì kìlọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí èkejì tó dé.

N kò sọ pé ilẹ̀ kì í mì lọ́dọ̀ wa o. Ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984. Ṣùgbọ́n wíńdò tó ń gbọ̀n lọ́sàn-án, kúárì tó ń fi dáínámáìtì fọ́ àpáta ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹ máa kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, ẹ mú àkọsílẹ̀ náà tọ ìjọba lọ. Ti ògiri, n kò fojú rí i, n kò lè dá a lẹ́jọ́. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tó là dé, kí ẹ kọ déètì sí i. Bó bá kọjá àmì náà, ẹ pe ẹnjiníà.

Bí ilẹ̀ bá sì mì lóòótọ́, ẹ wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, ẹ jìnnà sí wíńdò. Ẹ má sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tó ṣì ń mì lọ́wọ́.