Ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀ kí ẹ tó wọlé

Ẹni tó bèèrè bóyá ó yẹ kí ẹni tí kò gbọ́ èdè Ítálì náwó sórí eré ọ́pẹ́rà, ìyẹn eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, kó sì tún máa rin ìrìn àjò nítorí ohun ẹlẹ́wà, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn, nítorí owó ara mi ni mo fi kọ́ ọgbọ́n ọ̀hún. Aláró ni mí ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí; n kì í ṣe ọ̀mọ̀wé orin.

Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, a lọ wo La Traviata, iṣẹ́ Giuseppe Verdi. Mo ní eré ni mo wá wò, kí ni mo fẹ́ fi ìtàn ṣe ṣáájú? A pẹ́ dé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, a sì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí apá kìíní fi parí. Nígbà tí a ráàyè wọlé, obìnrin kan ń sunkún níwájú bàbá àgbàlagbà kan, n kò sì mọ ohun tó dà wọ́n pọ̀. Wọ́n ń kọ ìtumọ̀ orin náà ní Gẹ̀ẹ́sì sókè ìtàgé, ṣùgbọ́n kí n tó kà á tán, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ á ti kọjá. Oorun ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́dún kejì, mo ní kí ọmọ mi kọ́kọ́ pa ìtàn náà fún mi: Violetta, obìnrin tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń náwó lé lórí nítorí ìfẹ́, tí ikọ́ ife ń pa lọ, Alfredo tó fẹ́ràn rẹ̀, àti bàbá Alfredo tó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọmọ òun sílẹ̀, kí orúkọ ẹbí tó bá bàjẹ́ nítorí rẹ̀ má baà ba ìgbéyàwó ọmọ òun obìnrin jẹ́. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀? Nígbà tí Violetta gbà, tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, n kò gbójú sókè wo ìtumọ̀ kankan mọ́. (Ní 1853 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Venice, àwọn òǹwòran kò gba tirẹ̀, ìyẹn tù mí nínú díẹ̀ nípa oorun tí mo sùn.)

Ọba Kò So, eré olórin Dúró Ládípọ̀ lórí Ṣàngó, dé Berlin ní 1964, níbi tí Yorùbá ti jẹ́ àjèjì sí etí àwọn òǹwòran. Ṣùgbọ́n nílé níbí, kí ìlù tó dún ni àwọn òbí wa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Ṣàngó máa já sí. Bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ ni wọ́n wá gbọ́.

Ìrìn àjò náà kò yàtọ̀. Mo ti gba Ìbàdàn kọjá láìmọye ìgbà láìrí nǹkan kan ju páànù lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti kékeré ni mo ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sára adìrẹ Ìbàdàndùn, tí mò ń ya ṣíbí sáàárín òpó kan sí èkejì bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo wá gun òkè Mápó fúnra mi, mo gbá òpó kan mọ́ra, ọwọ́ mi kò ká a. Láti ìgbà náà ni òpó orí aṣọ mi ti sanra sí i, àwọn oníbàárà sì ń bi mí pé ta ló ń bá mi ya á.