Ìwé ń wí tirẹ̀, Màmá ń wí tiwọn: ta ni ká gbà gbọ́ nípa bàbá ńlá wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni ilé wa. Ìwé ìrìbọmi bàbá bàbá mi, ti ọdún 1911, sọ pé ẹni 20 ọdún ni, ọmọ Ìjàyè. Ojú oórì wọn sọ pé 1879 ni wọ́n bí wọn. Àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni ọdún 88, ní ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá, Olúkòyí ni oríkì wa, àti pé "bàbá wa" ni wọ́n pọ̀n sá kúrò ní Ìjàyè nígbà ogun. Èwo ni òótọ́ níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Bí ẹ̀rí méjì bá takora, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni ẹni tó sọ ọ́, ìgbà tó sọ ọ́, àti ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ orí bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dàgbà kó tó ṣèrìbọmi ní 1911 kò sábà ní ìwé ìbí. Wọ́n á bi í léèrè, wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á kọ iye tó bá sún mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí 20 fi gún régé bẹ́ẹ̀. Ó lè fi ọdún mélòó kan lé tàbí kó dín, ṣùgbọ́n ẹni náà wà láàyè níwájú akọ̀wé. Ojú oórì ní tirẹ̀, àwọn ọmọ ló kọ ọ́ lẹ́yìn ikú, ó sì ń wu ọmọ kí bàbá òun kú ikú àgbà. Ìwé ìrìbọmi ni èmi yóò kọ́kọ́ gbà. Síbẹ̀, ẹ bi Màmá, àbúrò bàbá yín yẹn, bóyá bàbá wọn máa ń sọ̀rọ̀ ìgbà tí wọ́n ń la ojú irin rélùwéè. 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ ọmọdé tó ń sáré lọ wòran ni, 1891 tí ìwé ìrìbọmi ń tọ́ka sí (1911 tí a yọ 20 kúrò) bá a mu. Bó bá jẹ́ géńdé tó ru irin, ẹ padà sí ojú oórì.

Ọ̀rọ̀ ogun ló dùn mọ́ mi jù. 1862 ni Ìbàdàn kó Ìjàyè, tí ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ sì sá wá sí Abẹ́òkúta. Ọmọ 1879 kò sí láyé nígbà náà, áńbọ̀sì ọmọ 1891. Ṣùgbọ́n "bàbá wa" lẹ́nu àgbàlagbà kì í ṣe ẹni tó bí i nìkan: bàbá bàbá ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá ń bẹ níbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n pọ̀n sá ní 1862 ti lé díẹ̀ ní ẹni 29 ní 1891, ó tó bímọ. Mo gbà pé bàbá tó bí bàbá ńlá yín ni ìtàn yẹn ń sọ. Ẹ bi Màmá pé, "Bàbá wa èwo?" Kí ẹ bi wọ́n ní orúkọ ìyá ẹni náà pẹ̀lú, torí orúkọ ìyá ló ń ya ìran kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ẹ ṣọ́ra fún "Ìjàyè" inú ìwé yẹn o. Ìjàyè wà lára àwọn Ẹ̀gbá Aláké. Ogun lé wọn kúrò ní ìlú wọn, wọ́n sì tẹ̀ dó sí Abẹ́òkúta. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tó tẹ̀lé Kúrunmí, jagunjagun tó di olórí wọn, ló wá jókòó sí ìlú àtijọ́ náà, títí ogun 1862 fi lé àwọn náà dé Abẹ́òkúta. Akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ìran méjì. Oríkì ló máa là wọ́n. Ìkòyí tí Olúkòyí ti ṣẹ̀ wá wà ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ (kì í ṣe Ìkòyí Èkó), ìran Ẹ̀ṣọ́ tí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Nítorí náà, Ìkòyí, Ìjàyè, Abẹ́òkúta: ojú ọ̀nà kan náà ni ìwé àti Màmá ń sọ, ibùsọ̀ tí kálukú dárúkọ ló yàtọ̀. Àfi bó bá jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ ìyá ni oríkì yẹn ti wọlé. Ẹ bèèrè ìyẹn náà.

Ìwé ìrìbọmi tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀dà lásán ni. Ẹ lọ wo ìwé ńlá ìjọ fúnra rẹ̀, torí orúkọ òbí lè wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìjọ Áńgílíkà, National Archives tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ìwé àtijọ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà. Ẹ wá "Ijaye" àti "Ijaiye", kí ẹ má sì wá orúkọ ìdílé òní nìkan: orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ lè jókòó ti Àjàní tàbí Àkànní.

Bí Màmá bá dákẹ́ lórí ìbéèrè kan, ẹ fi sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹrú tàbí ìwọ̀fà ni, kò sì yẹ ká fi ìyẹn bi àgbà léèrè lójú èrò. Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, kí wọ́n ki oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ má dá wọn dúró láàrin.