Kọ́tísọ̀l màmá mi jáde ní 462: ṣé àrùn ìgbàgbé ló ń bọ̀?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi pé ọdún 68, gàrí ni wọ́n ń tà ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú lọ́dún tó kọjá ni wọn kì í ti í sùn dáadáa mọ́, owó gbọ́mú-lé-lántà tí wọ́n yá sì tún wà lọ́rùn wọn. Ojúde Ọba tó kọjá, wọn ò bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn rán ankó. Ní báyìí wọ́n ń gbàgbé nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fún oníbàárà kan ní ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin kan tó ń ta tíì ewé ní kí a lọ yẹ kọ́tísọ̀l wọn wò. Èsì jáde ní 462. Ó ní ó ti ga jù, pé họ́mọ̀nù másùnmáwo ti ń jẹ wọ́n lọ́pọlọ, àti pé tí wọn ò bá mu tíì òun fún oṣù mẹ́ta, àrùn ìgbàgbé ló máa já sí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí wọ́n fi ọjà sílẹ̀ kíá, kí wọ́n wá jókòó ti òun l'Ékòó. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ ya fọ́tò ìwé àyẹ̀wò náà ránṣẹ́. Òun ni mo kọ́kọ́ wò. Ìlà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tísọ̀l níbẹ̀. Ìlà òkè, ti àárọ̀, ní 171 sí 536. Ìlà ìsàlẹ̀, ti ìrọ̀lẹ́, ní 64 sí 327. Aago tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ màmá wà lókè ìwé náà lọ́wọ́ ọ̀tún, ní lẹ́tà wínníwínní: 8:40 àárọ̀. Ìlà òkè ló kàn wọ́n, 462 kò sì jáde kúrò nínú rẹ̀. Ìlà ìsàlẹ̀ ni oníṣòwò tíì yín fi ìka tọ́ka sí. Bóyá kò mọ̀ ni o, bóyá ó sì mọ̀. Èmi ò sí níbẹ̀.

Kókó kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ó dé e bíi fìlà. Níbẹ̀ ni kọ́tísọ̀l ti ń jáde, ọpọlọ ló sì ń pàṣẹ fún un. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kọ́tísọ̀l ti máa ń gòkè, á tún ta sókè sí i ní nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí a bá lajú, lẹ́yìn náà á wá máa wálẹ̀ títí di ọ̀gànjọ́ òru, ìgbà tó máa ń kéré jù. Ẹni tó bá ní kọ́tísọ̀l yín ga láì béèrè aago, ó dà bí ẹni tó dé Òkè-Ajé láago mẹ́sàn-án àárọ̀, tó wá ní bí èrò ṣe ń pọ̀ níbẹ̀ lóru náà nìyẹn. Ibà lè gbé e sókè, ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ náà lè gbé e sókè. Tí dókítà bá fura lóòótọ́ pé kọ́tísọ̀l ẹnì kan pọ̀ jù, itọ́ tí a gbà lẹ́nu onítọ̀hún lóru la máa ń yẹ̀ wò, tàbí ìtọ̀ tó tọ̀ ní wákàtí 24 gbáko, tàbí ká fún un ní mílígíráàmù 1 dexamethasone, oògùn tó máa ń fa kọ́tísọ̀l wálẹ̀, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, ká fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kì í ṣe irọ́ látòkè délẹ̀. Ibi tó ti léwu gan-an nìyẹn. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Cushing, orúkọ dókítà ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1932. Kọ́tísọ̀l àwọn tó ní in máa ń pọ̀ lọ́sàn-án, á pọ̀ lóru. Tí a bá ya àwòrán ọpọlọ wọn, a máa ń rí i pé hippocampus, ẹ̀yà tó ń bá wa tọ́jú ohun tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, ti súnkì, iyè wọn á sì máa ra. Nígbà tí wọ́n bá rí ìtọ́jú, ẹ̀yà náà máa ń padà tóbi díẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn aláìsàn wọ̀nyí, ìwádìí kan jáde ní 2018 láti Framingham ní Amẹ́ríkà, lára àwọn tó lé ní 2,000 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 48, tí kò sẹ́ni tó ní àrùn ìgbàgbé nínú wọn. Àwọn tí kọ́tísọ̀l wọn ga láàárọ̀ kò ṣe dáadáa tó àwọn yòókù nínú ìdánwò ìrántí, ọpọlọ wọn sì fi díẹ̀ kéré, pàápàá àwọn obìnrin.

Ṣé kọ́tísọ̀l ló wá fà á? Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ pé kí a rọra. Hippocampus yìí kan náà wà lára àwọn tó ń sọ fún ọpọlọ pé "ó tó, dá kọ́tísọ̀l dúró." Tí àrùn bá ti ń bà á jẹ́ lábẹ́lẹ̀, bíréékì ti já nìyẹn, kọ́tísọ̀l á sì gòkè. Ó lè jẹ́ pé àìsàn ló ṣáájú, tí kọ́tísọ̀l tẹ̀ lé e. Àwọn tó ní Parkinson, àrùn ọpọlọ tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, àwọn náà, ẹ bá wọn jà díẹ̀, ẹ ó rí i bí ọwọ́ wọn ṣe máa gbọ̀n sí i lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ò ní kí a sọ pé ìjà ló fún wọn ní Parkinson.

Ohun tí ẹ ò kọ sínú lẹ́tà yín ló ń jẹ mí lọ́kàn jù: kí ni màmá ń lò sí orúnkún? Mi ò tíì rí ẹni ọdún 68 tó ń gbé àpò gàrí tí orúnkún rẹ̀ kì í ro. Tí mo bá bi àwọn ìyá wa níbí ní Ṣàgámù, ọ̀rá kékeré kan ni wọ́n máa ń tú jáde ní etí ìró: hóró funfun méjì, pupa kan, aláwọ̀ ewé kan, kò sí orúkọ lára èyíkéyìí. Kì í pẹ́ kí n tó bá dexamethasone tàbí prednisolone níbẹ̀. Ìbátan kọ́tísọ̀l ni wọ́n, wọ́n sì lágbára jù ú lọ. Irú oògùn yìí ni àwọn ọmọge kan ń gbé mì kí wọ́n lè sanra. Clobetasol inú àwọn ìpara ìbóra kan, mọ̀lẹ́bí wọn ni. Tí ó bá pẹ́ lára, oorun á dá, inú á máa bí èèyàn láìnídìí, ìrántí á máa yẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru, ṣúgà á gòkè. Ojú á rí kìrìbìtì, ikùn á yọ síwájú, apá àti ẹsẹ̀ á sì tín-ín-rín. Ó tún ń da àyẹ̀wò rú: ẹ̀rọ míì máa ń ka prednisolone mọ́ kọ́tísọ̀l, nígbà tí dexamethasone máa ń fa kọ́tísọ̀l wálẹ̀ pátápátá.

Tí ẹ bá bá irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù lójijì. Kókó orí kíndìnrín ti sùn lọ látìgbà tí oògùn ti ń bá a ṣiṣẹ́. Tí oògùn bá ṣàdédé dúró, èèyàn lè dákú, ó sì lè kú. Dókítà ló gbọ́dọ̀ dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ní 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ ka nǹkan 14 tí a lè ṣe nǹkan sí, wọ́n ní tí a bá mú gbogbo wọn kúrò, ó ṣeé ṣe kí a dènà tàbí kí a dá nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 àrùn ìgbàgbé dúró fúngbà díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, àìgbọ́ràn dáadáa, àìríran, sìgá, ọtí àmujù, àìrìn, ìdánìkanwà. Másùnmáwo fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìsoríkọ́ wà níbẹ̀. Ìsoríkọ́ yìí ni mo sì ń gbóòórùn rẹ̀ nínú lẹ́tà yín. Ìyá Ìjẹ̀bú tí kò rán ankó Ojúde Ọba! Ọ̀fọ̀ lè fà á, mo gbà, ṣùgbọ́n tí ọdún bá ti yípo tí wọn ò tíì fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, ó ti di nǹkan tí dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́. Ìsoríkọ́ àgbàlagbà máa ń jọ àrùn ìgbàgbé gan-an, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ tún dán etí wọn wò: ẹni tí kò gbọ́ iye tí oníbàárà pè nínú ariwo ọjà lè san ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì láìgbàgbé ohunkóhun.

Nítorí náà, lójú tèmi, ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n yín léwu ju 462 lọ. Ọjà ni wọ́n ti ń ṣírò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ẹni bá rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá kó wọn lọ sí ilé alájà Èkó níwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ti fi ìdánìkanwà kún ọ̀fọ̀. Àjò kọ́ ló yẹ kí owó ẹ̀gbọ́n bá lọ, gbèsè yẹn ni kó fi san. Ẹ wá ọmọ tí yóò máa gbé àpò, kí màmá máa wọn gàrí.

Ẹ ṣọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ bi wọ́n ní iye kọ́ńgò mẹ́ta àti ààbọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sùn, ẹ tún bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọn ò sùn. Tó bá jẹ́ ọjọ́ àìsùn nìkan ni wọ́n ń ṣì í, ọkàn mi á fúyẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣìnà nígbà tí wọ́n ń darí sílé láti ọjà tí wọ́n ti ń lọ fún ọgbọ̀n ọdún, tàbí tí wọ́n ń bèèrè nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín wákàtí kan, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì pé kí ẹ tó gbé wọn lọ rí dókítà. Tí ẹnu bá sì ṣàdédé wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ tàbí tí apá kan ò ṣeé gbé, rọpárọsẹ̀ nìyẹn: ilé ìwòsàn ní wákàtí yẹn gan-an, ẹ jẹ́ kí àdúrà bá yín nínú ọkọ̀.

Ní ti ilé ìwòsàn, ọsibítù ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n yẹ ṣúgà, họ́mọ̀nù ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní thyroid, àti fítámì B12 wò, nítorí gbogbo wọn lè mú èèyàn gbàgbé. Tó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ̀wé fún yín wá sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OOUTH ní Ṣàgámù. Ní ti tíì, mi ò mọ ewé kankan tó ń fa kọ́tísọ̀l wálẹ̀ kí ìrántí fi padà, kọ́tísọ̀l màmá ò sì ga. Ẹ kó gbogbo oògùn inú ilé sínú ọ̀rá kan dání, títí kan ti etí ìró.