Ìpayà Òjijì Ti Lọ, Àmọ́ Ara Kò Tíì Balẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìpayà òjijì mú mi ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Àyẹ̀wò ọkàn tí wọ́n ṣe fún mi kò fi àìsàn kankan hàn, síbẹ̀ àyà ń dùn mí, òyì ń kọ́ mi, ìka sì ń ta mí bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ń gún un. Ó ń ṣe mí bíi pé afẹ́fẹ́ kò tó mi, nítorí náà mo máa ń mí kanlẹ̀ léraléra. Ẹnìkan ní kí n máa mí sínú àpò bébà. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ tó yín, mímí yín ni ó pọ̀ jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi ti ń ṣìnà. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ara a máa tú adrenaline, ìyẹn èròjà tí ń múni gbára dì láti jà tàbí láti sá, sínú ẹ̀jẹ̀, èémí a sì yá ju bí ara ṣe nílò rẹ̀ lọ. Kì í ṣe oxygen ni ó ń dín kù nígbà náà bí kò ṣe carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta, tí ọ̀pọ̀ rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Bí ó bá dín kù jù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ a fún, òyì a kọ́ni, ìka a sì máa tani. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún mí kanlẹ̀ láti wá afẹ́fẹ́, òyì náà ni ẹ ń pè padà.

Ní ti àyà, ẹran ara tó wà láàárín egungun ìhà ni ó ṣeé ṣe kó ṣiṣẹ́ àṣejù, ó sì lè máa dunni fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ gbé àpò yẹn jùnù. Bí ó bá jẹ́ ikọ́ fée tàbí àrùn ọkàn ni ó ń mú èémí yá, mímí sínú àpò lè dín oxygen kù débi ewu, ẹni tó sì gbà yín nímọ̀ràn náà kò ní sí nítòsí bí ọ̀ràn bá bẹ́yìn yọ. Ẹ fi imú mí sínú níwọ̀nba, kí ẹ jẹ́ kí èémí pẹ́ ní jíjáde ju bí ó ṣe wọlé lọ. Bí mímí kanlẹ̀ bá tún ń wù yín, ẹ gbé itọ́ mì, kí ẹ sì jẹ́ kó kọjá. Ẹ dín kọfí kù, ẹ sùn dáadáa, ẹ má sì máa ka ìlù ọkàn yín ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú.

Èmi kò fojú rí yín o. Bí ìrora àyà bá ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, bí ẹ bá dákú, tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá wú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Bí òyì náà kò bá sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ ní kí dókítà yín ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn thyroid, ìyẹn ẹ̀yà ara kan tó wà ní ọrùn, lè fara jọ ìpayà.