Èjìká ọmọ mi ń yẹ̀, kò sì ṣubú rí

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ìyá mi tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ gbà mí o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, tó bá ti na apá sókè báyìí, èjìká ẹ̀ á yẹ̀ sẹ́yìn, á dún pọ́, á tún padà. Wọ́n ṣe skáànì, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n ní iṣan ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ gbòdì, àwọn ò ní ṣiṣẹ́ abẹ. Bàbá ẹ̀ ní ká gbé e lọ sí Ṣágámù ní hólídè, pé àwọn tó ń to eegun pọ̀ nílé. Kí ni kí n ṣe?

Èsì: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Má gbé e lọ bá ẹnikẹ́ni tó ń to eegun o. Ìjẹ̀bú-Òde ni tèmi, mi ò kẹ́gàn wọn, eegun tó bá dá wọ́n mọ̀ ọ́n tò, ṣùgbọ́n ti ọmọ ẹ yìí, eegun kọ́.

Ọmọ mi ọkùnrin ló ní tiẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni lọ́dún 2019 tá a lọ sílé fún Ojúde Ọba. Ṣé o mọ̀ pé ó ti ń yọ èjìká yẹn han àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní skúùlù, wọ́n á pariwo, wọ́n á fi fóònù ká a, èmi rò pé eré ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta Iléyá, ọkọ mi ti wọ aṣọ regbéregbé ẹ̀ tán, àwọn àgbà ìdílé jókòó ní pálọ̀, ọmọ wọlé, ó kàn tẹrí ba díẹ̀, ó ní ẹ káàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wò mí. Wọn ò sọ̀rọ̀ o, wọ́n kàn wò mí, ìwọ náà mọ ìwò yẹn. Mo bá tẹ ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ní mọ́mì, èjìká mi, mo ní o ò gbọ́ ni. Bó ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti kápẹ́ẹ̀tì báyìí ni mo gbọ́ pọ́. Nǹkan yọ gulutu lẹ́yìn èjìká ẹ̀ lábẹ́ bùbá. Kò sunkún, èmi ló ń wò.

Kí n tó lanu, wọ́n ti lọ pe bàbá kan tó ń to eegun. Èèyàn méjì dì í mú, bàbá yẹn fa apá. Àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń yìnbọn níta nígbà yẹn, igbe ẹ̀ ni mo ṣì ń gbọ́.

Ìgbà tá a padà sí Lọ́ńdọ̀nù ni físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ṣàlàyé. Ó ní àwọn dókítà ọsibítù eegun tó wà ní Stanmore, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, pín èjìká tó ń yẹ̀ sí mẹ́ta, èyí tí ìfarapa fà, èyí tí oríkèé fúnra ẹ̀ ní àbùkù láìsí ìfarapa, àti tiwa yìí, tí ọpọlọ ń rán iṣan níṣẹ́ òdì. Iṣan àyà àti èyí tó gba abẹ́ abíyá lọ sẹ́yìn ń fà nígbà tó yẹ kí wọ́n sinmi, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn èjìká tó yẹ kó di eegun mú ń sùn. Iṣẹ́ abẹ kì í sábà wò ó, ó tiẹ̀ lè dá kún un, torí iṣan yẹn á tún máa fà á.

Kọ́kọ́ sọ fún un pé kó má yọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni wò mọ́. Físíò á ní kó máa gbé apá níwájú dígí díẹ̀díẹ̀, oṣù lóṣù ni o. Ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn èjìká tó ń fi iná ta iṣan tó ń sùn jí, wọ́n lò ó fún tèmi. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé màá kọ ìyókù.

Èjìká ẹ̀ ti dúró báyìí. Ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé wa lọ sílé mọ́, orí fídíò ló ti ń juwọ́ sí ìyá àgbà. Wọ́n ní mi ò kọ́ ọmọ. Jàre, ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ ju èmi lọ lọ́jọ́ yẹn? Iléyá tó kọjá mo tún bi í, ó ní iṣẹ́ wà, ọwọ́ ẹ̀ sì ti lọ sí èjìká kó tó sọ ọ́ tán.

Tí bàbá ẹ̀ bá ṣì ń jiyàn, ní kó pè mí.