Tí ojú Bàbá Ìbejì bá ti le, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o. Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, ń wa táksí Micra n'Ìbàdàn, Ìwó Road sí Dùgbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá rí owó ọlọ́kọ̀ pa pé, tí wọ́n bá wọlé, ojú wọn á le koko. Wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni jà, wọn ò kàn ní sọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kó tó pẹ́, èmi tí inú mi ń dùn tẹ́lẹ̀ á ti máa jágbe mọ́ àwọn ọmọ. Ṣé nǹkan ń ṣe mí ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé o. Kò sí nǹkan tó ń ṣe yín. Bí inú èèyàn ṣe rí máa ń ranni bí ọ̀fìnkìn ni, àwọn àgbà náà sọ ọ́, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ìyá tó ti gbà pé òun ò ní sùúrù, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ló kó ìbínú ẹlòmíì.

Ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ gbé àwọn ìbejì lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì á gún, kó tó pariwo tán, àwọn tí kò tíì kàn, tí wọ́n ń mu ọmú jẹ́jẹ́, á ti gba ẹkún náà. Bá a ṣe wá sáyé nìyẹn, a dàgbà tán kò sì kúrò lára wa.

Ojú ló máa ń gbà wọlé jù. Lọ́dún 2000, àwọn onímọ̀ kan ní Uppsala ní Sweden fi àwòrán ojú tó ń bínú àtèyí tó ń rẹ́rìn-ín han àwọn èèyàn, wọ́n sì yára fi ojú míì bò ó, débi pé àwọn èèyàn yẹn ò mọ̀ pé àwọn rí i. Síbẹ̀ iṣan ojú wọn mọ̀. Iṣan tó ń fa iwájú orí ro sún lára àwọn tó rí ìbínú, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún lára àwọn tó rí ẹ̀rín.

Ibi tọ́rọ̀ yín wà nìyẹn. Bàbá wọlé, ojú yín ti ro kẹ́ ẹ tó rò ó, àyà yín fún, ọpọlọ wá ń béèrè pé kí ló ń bí mi nínú gan-an, ó wò yíká, ó rí Táyé tó da gààrí sílẹ̀, ó ní ẹ̀ẹ́n, òun nìyẹn! Gààrí tó jẹ́ pé ká ní àárọ̀ ló dà á sílẹ̀ ni, ẹ máa gbá a ni.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìró mọ́tò wọn, ẹ bi ara yín pé báwo ni inú mi ṣe rí báyìí? Tó bá dùn, ẹ mọ̀ ọ́n, kó lè rọrùn láti mọ èyí tó wá láti ìta. Tí ara bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ẹ sọ ọ́ sínú pé ìnira wọn nìyí, kì í ṣe tèmi, kẹ́ ẹ tú ojú ká, kẹ́ ẹ mí jáde díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ jáde lọ ṣan abọ́ méjì níta. Ẹ má bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà pé kí ló dé tẹ́ ẹ fajúro. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n jẹun, kẹ́ ẹ tó béèrè bóyá sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ni àbí epo. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa fi tipátipá rẹ́rìn-ín o, kì í sì í ṣe iṣẹ́ yín láti tún inú wọn ṣe.

Àwọn ọmọ ni mo ń rò jù. Àwọn náà ń wo ojú yẹn, ọmọdé sì tètè máa ń rò pé òun lòun ṣẹ̀. Ẹ pè wọ́n, ẹ ní, “Ó ti rẹ Dádì, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ wọ́n.” Kó tán síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí ojú líle yẹn bá di ojoojúmọ́, tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí Bàbá ò sùn dáadáa, tí oúnjẹ ò wù wọ́n, tí nǹkan tí wọ́n fẹ́ràn ò wù wọ́n mọ́, ìyẹn ti kọjá owó ọlọ́kọ̀. Ẹ bá wọn lọ rí dókítà, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀.