Kí ni ìtumọ̀ òwe “Ẹni tí à ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà”?

Ẹnì kan ní Mọ́kọ́lá béèrè ohun tí àwọn àgbà ní lọ́kàn tí wọ́n fi ń pa òwe yìí, ó sì fi kún un pé: ṣé lóòótọ́ ni etí ènìyàn lè yan èyí tí yóò gbọ́ nínú ariwo?

Ìtumọ̀ òwe náà kò ṣòro. Ẹni tí ó dáwọ́ lé ohun kan, tí ẹnu aráyé sì fẹ́ mú un yẹsẹ̀, ni à ń pa á fún, pé kí ó kọjú mọ́ ẹni tí ọ̀ràn náà kàn. Ẹni tí ó bá ti ra ata ní Bódìjà rí mọ ibi tí òwe yìí ti wá: alábàárù ń ké “Ẹ yàgò!”, ẹ̀rọ ìlọta ń dún, onímọ́tò ń pe èrò Dùgbẹ̀, síbẹ̀ oníbàárà ń gbọ́ iye tí ìyá aláta ń pè.

Ìbéèrè kejì ni ó gba àlàyé. Ohùn tí ó wọ etí kì í lọ tààrà sí èèpo òde ọpọlọ, níbi tí a ti ń mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ìdí ọpọlọ, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tí ó so ọpọlọ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ni ó kọ́kọ́ ń gbà á, láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá. Ibẹ̀ ni a ti ń fi ohun tí etí ọ̀tún gbọ́ wé ti òsì, kí a lè mọ ìhà tí ohùn ti wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gígòkè nìkan ni ọ̀nà yìí ń gòkè. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn fọ́nrán iṣan mìíràn ń ti èèpo òde sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìdí ọpọlọ, àwọn kan sì ń ti ìdí ọpọlọ lọ sínú etí gan-an, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Rasmussen, ti ṣàpèjúwe wọn ní 1946.

Iṣẹ́ àwọn fọ́nrán asọ̀kalẹ̀ yìí ni ó gbè òwe wa lẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 1990, onímọ̀ nípa ọpọlọ kan, Nobuo Suga, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò àdán. Nígbà tí wọ́n ta ibi tí ó ń gbọ́ ohùn kan nínú èèpo òde ọpọlọ jí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ń gbọ́ irú ohùn kan náà ní ìdí ọpọlọ túbọ̀ ń jẹ́ ìpè, ti àwọn ohùn mìíràn sì rẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú ibẹ̀ kú tipiri fún ìgbà díẹ̀, ìdáhùn ìsàlẹ̀ náà dínkù.

Ní ti ènìyàn, onímọ̀ kan, Krishnan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ní 2005 pé ìdí ọpọlọ àwọn tí ó ń sọ Mandarin, èdè olóhùn àwọn ará Ṣáínà, ń tọpa ìlọsókè àti ìsọ̀kalẹ̀ ohùn dáadáa ju ti àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì lọ. (Àwa tí ohùn nìkan fi ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ kò ní ṣe háà sí èyí.) Èdè tí a ti ń sọ láti kékeré ni ó fa ìyẹn; ṣùgbọ́n ní ti àfiyèsí ojú ẹsẹ̀, ẹnu àwọn onímọ̀ kò tíì kò, nítorí àwọn kan rí i pé ó ń yí ìdáhùn ìdí ọpọlọ padà, àwọn mìíràn kò sì rí i bẹ́ẹ̀.

Òwe náà kò sì sọ pé kí a di adití. Bí táyà bá bẹ́ lójijì, ara á ti ta gìrì kí a tó mọ ohun tí ó dún, torí ìdí ọpọlọ kì í dúró gba àṣẹ lórí irú ìyẹn. Orúkọ ẹni pẹ̀lú ní ọ̀nà tirẹ̀: nínú àyẹ̀wò tí onímọ̀ kan, Moray, ṣe ní 1959, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n fetí sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbọ́ orúkọ ara wọn nínú ọ̀rọ̀ kejì tí wọn kò fetí sí. Nítorí náà, bí ìyàwó bá bínú pé òun pe baálé òun ní Ọjà Ọba tí kò dáhùn, ó ṣeé ṣe kí baálé náà má gbọ́ ní tòótọ́.